Ihò Ara Àpótí Keje

Ẹ má bínú, ẹnu mi mú, gbogbo ibi iṣẹ́ wa ló mọ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kan wà tó ṣòro fún mi láti sọ.

Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Àwa la máa ń to ike tó ń tan yẹ́ẹ́ nígbà tí nǹkan tíntìntín tó ń rọ̀ láti òfurufú bá gba inú rẹ̀ kọjá. Inú àpótí la ń tò ó sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ka iye ìgbà tó bá tàn, a ó fi téèpù dúdú dí gbogbo ojú ìsopọ̀ rẹ̀, ẹni tó dí i á sì kọ orúkọ sí i. Tí oòrùn bá fi lè rí ihò abẹ́rẹ́ wọlé pẹ́nrẹ́n, irọ́ ni ẹ̀rọ máa kà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iye tí àpótí keje ń kà fi ń ga lọ́sàn-án, tó ń wálẹ̀ lálẹ́. Inú ọ̀gá wa ń dùn ṣìnkìn. "Ohun tẹ́nìkan ò rí rí la rí yìí!" Ó ti kọ ìwé tó fẹ́ fi kéde rẹ̀ fáyé lọ́la. Rírí wo? Mo da aṣọ dúdú bo àpótí náà, iye náà já wálẹ̀. Mo wo ìdí rẹ̀, orúkọ bàbá mi ni.

 Tí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún parí láti ẹnu ọmọ wọn. Tí mo bá dákẹ́, irọ́ la gbé jáde.

Mo pe bàbá mi. Mo tan gílóòbù sínú àpótí náà, mo pa iná yàrá. Ìmọ́lẹ̀ yọ nígun kan. Bàbá mi gbé ojú sún mọ́ ọn, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan téèpù.

"Ó dí dáadáa, ìwọ olófìn-íntótó yìí."

Ìmọ́lẹ̀ yẹn wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn, wọn ò rí i. Ó dùn mí wọra. Mo mú ìka wọn, mo fi lé ihò náà.

Wọ́n fi ìka tọ etí ihò náà yípo. "Láti ọdún tó kọjá ni," wọ́n ní. "Ìka ni mo fi ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ pé èmi ni."

"Ta ló rán ẹ? Má gba àṣìṣe mi lọ́wọ́ mi."

A jọ wọlé tọ ọ̀gá, wọ́n sọ ọ́. Ọ̀gá bínú. "Ihò tó hàn gbangba! Báwo lẹ ò ṣe rí i?"

"Ọ̀gá," bàbá mi ní, "ojú yín tó wà níwájú mi yìí gan-an, mi ò rí i."

Ọ̀gá dìde, ó gbé àga fún wọn.