Ìwé Àbámọ̀

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo fẹ́ Jonas ni Agnes Thistlethwaite, alàgbà ìjọ wa, wá bá mi nílé, ọdún 1788. Ó jókòó, kò sọ̀rọ̀, títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ lórí iná. Àwa Ọ̀rẹ́, ìjọ táwọn ará Yorkshire ń pè ní Kwékà, ìdákẹ́ wa le ju igbe lọ.

"Tamar," ó sọ níkẹyìn, "o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì alágogo, o dúró níwájú àlùfáà, o fẹ́ ẹni tí kì í ṣe ara wa."

"Mo ṣe é. Kí ni ìwọ fẹ́ kí n sọ?"

Agnes dàgbà ju ìyá mi lọ, àmọ́ "ìwọ" là ń pe tàgbà tèwe láàárín wa. Ìyá Jonas ní àìlẹ́kọ̀ọ́ gbáà ni.

"Kọ ìwé pé ó dùn ọ́ pé o fẹ́ ẹ. A ó jẹ́ kí o dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó yọ orúkọ rẹ."

Ta ni yóò yọ ọ́? Reuben, bàbá mi, ni akọ̀wé ìpàdé wa. Ọwọ́ rẹ̀ ló máa fi kọ ọ́ pé èmi kì í ṣe ara wọn mọ́. Oorun dá lójú mi fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ karùn-ún, mo kọ ìwé náà, mo sì kà á fún Jonas, nítorí kò mọ̀wé.

"'Ó dùn mí gan-an pé mo fẹ́ Jonas.'"

"Gan-an kẹ̀? Yọ gan-an yẹn kúrò jàre, ó ti pọ̀jù." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Mú un lọ, Tamar. Mo mọ ohun tó wà nínú ẹ. Mi ò fẹ́ kó o tìtorí mi pàdánù bàbá ẹ."

Lọ́jọ́ ìpàdé, bàbá mi dìde, ó ń ka ìwé náà. Nígbà tó dé ibi tí orúkọ Jonas wà, ó dúró. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Tamar, ṣé òótọ́ ni?"

Kò sẹ́ni tó ní kó béèrè. Agnes ń mi orí sí mi díẹ̀díẹ̀, pé kí n ṣáà ti ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ rí i, a kì í búra. "Bẹ́ẹ̀ ni" wa ni ìbúra wa, bàbá mi ló sì kọ́ mi.

"Rárá," ni mo wí. "Ó dùn mí pé mo bà yín nínú jẹ́. Pé mo fẹ́ ẹ, kò dùn mí."

Ó ki gègé bọ tàdáwà, ó kọ ọ́, ó sì kà á sókè pé Tamar Alderson kì í ṣe ọ̀kan nínú wa mọ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn kọjú sí mi. Ẹni tí kì í ṣe ara wọn kì í jókòó síbi tí wọ́n ti ń jíròrò, èmi ni wọ́n sì ń dúró dè. Mo dìde. Ojú tì mí, inú sì bí mi.

Bí mo ṣe fa ilẹ̀kùn dé, mo gbọ́ ohùn bàbá mi: "Ọ̀rọ̀ tó kàn." Ó tún un sọ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan kà.