Ibi Funfun Nínú Fídíò Beya

Ọdún kẹrìnlélógún rèé tí Dorsaf ti ń ya fídíò ìyàwó ní Mahdia, ìlú etí òkun. Obìnrin nìkan ló lè gbé kámẹ́rà wọ yàrá tí wọ́n ti ń ṣe jelwa. Níbẹ̀ ni ìyàwó ti máa ń dìde nínú aṣọ olówùú wúrà, á dijú, á na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú, á sì máa rọra yí po lójú kan náà lẹ́ẹ̀meje, kí gbogbo obìnrin ìdílé lè wò ó yó. Kò gbọdọ̀ lajú títí yíyí náà á fi parí.

Fídíò àkọ́kọ́ tí Dorsaf yà láyé ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Beya. Ọmọ ogún ọdún ni Dorsaf nígbà náà, kò sì mọ nǹkan kan. Ó yá kámẹ́rà, ó yá iná ràgàjì kan tí wọ́n ń gbé karí kámẹ́rà, èyí tó gbóná débi pé èèyàn lè fi yan ẹja. Ó tàn án dé òpin, ó dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wúrà gba iná náà, ó dá a padà, ibi tó yẹ kí ojú Beya wà nínú fídíò sì di funfun báláú. Ọwọ́ wà níbẹ̀, aṣọ wà níbẹ̀, igbe ayọ̀ àwọn obìnrin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ojú. Àwọn àgbà sì ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí ọdún náà tó pé, Beya bí ọmọbìnrin kan, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní ọjọ́ kẹta ìbímọ náà. Fọ́tò ilé-ìwé rẹ̀ wà, ti ìwé ìdánimọ̀ náà wà, àmọ́ ojú Beya lọ́jọ́ tó ṣe ìyàwó, kò sẹ́ni tó tún lè rí i mọ́. Dorsaf kò dárí ji ara rẹ̀ rí.

Ọmọ náà, Yosr, ló fẹ́ lọ sílé ọkọ báyìí. Ojú ìyá rẹ̀ ló gbé wá sáyé, ẹnu yẹn, imú yẹn, kò ṣẹ́ kù síbì kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú ọjọ́ ni Dorsaf ti ń lálàá. Nínú àlá náà, Beya á máa yí po nínú yàrá tí kò ní ògiri, wúrà á máa kán sílẹ̀ lára rẹ̀ bí omi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni Dorsaf máa ń rí. Tó bá ku díẹ̀ kó kọjú sí i, ilẹ̀ á mọ́.

Igi gangan má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Nígbà tó ku oṣù méjì, Dorsaf wọkọ̀ lọ sí Sousse láti lọ yan iná tuntun. Faouzi tó ni ṣọ́ọ̀bù iná kan níbẹ̀ gbé èyí tó tóbi jù fún un. Èwo ni kò bá tún gbé?

"Àǹtí, ẹ mú èyí. Tẹ́ ẹ bá tàn án ní Mahdia, àwọn ará Ítálì lódìkejì òkun á rò pé ilẹ̀ ti mọ́."

Dorsaf fa apá aṣọ olówùú wúrà kan yọ nínú báàgì rẹ̀. "Jókòó. Gbé e lé èjìká."

"Èmi kẹ̀? Ìyàwó mi á gbọ́ o."

"Á gbọ́ pé o rẹwà. Dijú."

Lábẹ́ iná ńlá yẹn, wúrà bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ojú Faouzi sì pòórá nínú kámẹ́rà Dorsaf. Ìkejì kò sàn jù ú lọ. Ìkẹta kò ju bébà ìfìwéránṣẹ́ lọ, ó ní bọ́tìnnì méjì. Ọ̀kan ń dín iná kù, èkejì ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà, láti funfun ọsibítù títí dé àwọ̀ oyin. Dorsaf yí i sí oyin, ó dín in kù, ó tún dín in kù.

"Mo lè ka irùngbọ̀n ẹ báyìí," ló wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á. Funfun ti wọ̀ ọ́."

Èyí tó rà nìyẹn. Oṣù méjì ló fi ń dán an wò nílé. Ó rí i pé tí òun bá gbé ojú iná náà sókè sí àjà funfun, á ta síbẹ̀, á sì rọra bọ́ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun tí wọ́n ń jọ̀.

Ọjọ́ pé. Ọ̀sán ni, wọ́n ti fèrèsé pa nítorí oòrùn àti ojú àwọn tó ń kọjá lójú pópó. Òórùn yásímínì kún yàrá. Mongia, ìyá ọkọ, jókòó níwájú pátápátá. Aṣọ ìdílé rẹ̀ ló wà lára ìyàwó, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀.

"Dorsaf, iná dà?"

"Mo ti tàn án, Màmá."

"Èyí tó ń tòògbé yìí? Wúrà tí ìyá mi fi ojú ẹ̀ rán, ṣé o fẹ́ kó dà bí aṣọ ìnulẹ̀ ni?"

"Màmá, wúrà yẹn, ẹ ti ń wò ó láti ọgbọ̀n ọdún. Ojú ọmọ yìí ni kẹ́ ẹ wò."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Mongia pòṣé.

Orin bẹ̀rẹ̀, Yosr dijú, ó ń yí. Nínú gíláàsì kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà, ojú rẹ̀ ń rọra jáde láti inú wúrà, tòun ti irun wẹ́wẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìpéǹpéjú tó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ó lọ, ó tún dé. Ní ìgbà kẹta, Dorsaf kò mọ ojú ẹni tí òun ń wò mọ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò mì. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Ní ìgbà kẹrin, ètè Yosr mì lábẹ́ orin.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti tan iná?"

"Mo ti tàn án."

"Kò ta mí lójú."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Dákẹ́."

Yosr yí lọ, ó yí bọ̀. "Ti Màmá mi ńkọ́? Ó ta á lójú?"

"Ó ta á. Èmi ni mo ba ojú ẹ̀ jẹ́, Yosr. Dárí jì mí."

Ẹ̀yìn aṣọ wúrà ló dá a lóhùn. Yíyí náà kò lè yára. Nígbà tí ojú Yosr tún dé, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Ibi funfun inú fídíò yẹn ni mo ń pè ní Màmá láti kékeré. Mo máa ń fẹnu kò ó lára tẹlifíṣọ̀n. Ẹ tàn án dé òpin fún mi, Àǹtí. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Mo fẹ́ dúró síbi tí Màmá mi wà."

Ìgbà keje ni gbogbo ilé máa ń fẹ́ tọ́jú. Dorsaf ro ti ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ro ti oṣù méjì. Lẹ́yìn náà ló sọ ojú iná náà kalẹ̀ láti òkè àjà, ó dojú rẹ̀ kọ ọmọ náà, ó yí i sí funfun, ó yí i dé òpin.

Wúrà gbiná. "Ẹn-ẹ́n, iná dé nìyẹn," ni Mongia wí, inú rẹ̀ sì dùn. Nínú gíláàsì, iwájú orí Yosr lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e, ẹnu tẹ̀ lé e, ó ku funfun.

Dorsaf gbé ojú kúrò lára gíláàsì. Lọ́jọ́ Beya, kò gbé e kúrò rárá, inú kámẹ́rà ni ojú rẹ̀ wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fi ojú ara rẹ̀ wo Yosr báyìí, láàárín iná tó ń tani lójú yẹn. Ọmọ náà fún ìpéǹpéjú pọ̀ gírígírí, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó kún gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́, kámẹ́rà kò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀.