Afárá Tí Wọ́n Sọ Di Òkè

"Má fẹsẹ̀ kanlẹ̀! Tọ́lá, mo ní má fẹsẹ̀ kanlẹ̀!"

Ẹsẹ̀ Ayọ̀tọ́lá ti kanlẹ̀. Ibi kan náà ni, níbi tí afárá tó gba orí ojú irin kọjá n'Íkẹjà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga gan-an. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ onígíà tó ń gùn tún ti yọ. Tọ́lá dorí kodò, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ru sìmẹ́ńtì.

Ọyẹ́ bo gbogbo nǹkan láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn. Òrùlé àwọn ilé iṣẹ́ ń léfòó, òórùn bisikíìtì gbígbóná ń rìn nínú kùrukùru, orí afárá ò sì hàn rárá. Ẹni tí ò bá mọ̀ á ní ọ̀run ni títì náà ń lọ.

Dádì rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Bọ́dúndé, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ girama l'Ọ́gbà, so fèrè mọ́rùn bíi rẹfirí. Láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti dé ni wọ́n ti ń kéde ìdíje lọ́tùn-ún lósì, èyí tó wá dé yìí sì jẹ́ ti kẹ̀kẹ́, lórí àwọn òkè Èkìtì, nílùú Dádì gan-an. Tọ́lá, tí kò fojú kan òkè rí láyé ẹ̀, ń lá àlá ẹ̀ ní gbogbo òru. Ọ̀la ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Dádì sì ti búra: bí kò bá gun afárá yìí dókè lónìí láìsọ̀kalẹ̀, kò níbi tó ń lọ. Kò ní í lọ dójú ti òun níwájú àwọn ará ilé.

"Dádì, ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ̀ ọ́? Òkè ilé wa wá ńkọ́?" Ohùn Dádì rọ̀ lójijì, ojú ẹ̀ lọ jìnnà. "Béèyàn bá dórí ẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀yìn àwọn ẹyẹ lá máa wò. Wọ́n á máa fò nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ."

Inú tó ń bí Tọ́lá rọlẹ̀. Ó dá ṣéènì padà, ó tún gun kẹ̀kẹ́, ó fẹsẹ̀ wà á títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ibi kan náà ló tún kú sí.

Fàúsát, ìyá Uswat, aládùúgbò wọn, ń bọ̀ láti iṣẹ́ alẹ́ nílé iṣẹ́ bisikíìtì, nẹ́ẹ̀tì irun ṣì wà lórí ẹ̀. Ó dúró, ó ká apá mọ́yà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ṣé ó jalè ni?"

"Eré ìdárayá ni, Ìyá Uswat."

"Eré! Ẹni tó ń sunkún yìí ló ń ṣeré? Ẹ̀yin náà ẹ gùn ún ká rí i. Ṣebí orí òkè ni wọ́n bí yín sí."

Dádì ń fọwọ́ pa fèrè ẹ̀ lára.

"Dádì," Tọ́lá ní, "ṣé ẹ máa ń fi kẹ̀kẹ́ gùn ún dókè?"

"Gígùn kẹ̀? Ta ló fẹ́ gun òkè yẹn? Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa ti ń sọ̀kalẹ̀, bàbá mi, àlùfáà, gbogbo wa. À ń ti kẹ̀kẹ́ ni. Ìgbà tá a bá ń bọ̀ wálẹ̀ la máa ń gùn ún."

Fàúsát pàtẹ́wọ́. "Yéè! Ohun tẹ́nì kankan ò ṣe rí nílé yín lẹ fi ń dá ọmọ ọlọ́mọ lóró!"

"Ọmọ mi ni."

"Ẹ kúkú pa á!" Ó bá tiẹ̀ lọ, ẹ̀rín ẹ̀ sì wọ inú ọyẹ́ lọ.

Tọ́lá sọ̀kalẹ̀. Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó ń tì í lọ sókè.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo máa forúkọ sílẹ̀ lọ́la, Dádì. Òfin ìdíje ò ní kéèyàn má sọ̀kalẹ̀. Ibi tẹ́sẹ̀ mi bá ti kọ̀, màá tì í."

"Níwájú gbogbo ará ilé?"

"Níwájú wọn. Kí wọ́n rẹ́rìn-ín tó bá wù wọ́n."

Dádì tẹ̀ lé e nígbẹ̀yìn. Tọ́lá ń gbọ́ bàtà ẹ̀ lẹ́yìn, kò sì wẹ̀yìn.

"Má fi ọwọ́ méjèèjì di iwájú mú," Dádì sọ, ohùn ẹ̀ kéré. "Fi ọ̀kan sẹ́yìn ìjókòó, kó o fi ìbàdí gbè é. Bẹ́nì kan bá kí ọ lójú ọ̀nà, má dá a lóhùn. Èémí ẹ ni kó o tọ́jú."

Tọ́lá gbé ọwọ́ kan sẹ́yìn ìjókòó. Kẹ̀kẹ́ náà fúyẹ́.