Ìṣẹ́jú Mẹ́sàn-án Lórí Fóònù

Ọjọ́ kejì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni àyà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Fáìlì já. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn, torí láti ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣiṣẹ́, ìwé kan ò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti agbẹjọ́rò ìjọba ló kún yàrá náà. Wọ́n ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú ẹ̀rí inú fóònù àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn fa ọmọ ọlọ́mọ wọ ẹgbẹ́ agbésùmọ̀mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ wọn, obìnrin kan tí kì í gbóhùn sókè, ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ fóònù tí wọ́n bá gbà wò. Kí wọ́n kọ́kọ́ já a kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí wọ́n kọ aago àti orúkọ ẹni tó gbà á sílẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà lókèèrè lè pa gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́.

Ìyá Fáìlì ò lè kọ nǹkan kan sílẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n mú ọkùnrin kan tó ń tan ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún lọ sínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ara Ìyá Fáìlì ò gbà á. Ó ṣí fóònù ọkùnrin náà, ó ń kà á. Níṣojú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yára pa fóònù náà. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rí, ó kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ní báyìí, ìgbẹ́jọ́ ku ọjọ́ mẹ́fà.

Agbẹjọ́rò ìjọba tó ni ẹjọ́ náà, àgbàlagbà kan tó ti hewú, wà nínú yàrá yẹn. Nígbà tí wọ́n jáde lọ jẹun, Ìyá Fáìlì tọ̀ ọ́ lọ lẹ́bàá àtẹ̀gùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣí fóònù yẹn. Mo sì parọ́ sínú ìwé."

Bàbá náà bi í pé báwo ló ṣe pẹ́ tó lórí fóònù náà. Ìyá Fáìlì ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

"O ti ba iṣẹ́ jẹ́ fún wa," ni bàbá náà wí. "Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni kí adájọ́ ti gbọ́ ọ."

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, olùkọ́ sọ fún wọn pé fóònù fúnra rẹ̀ máa ń tọ́jú aago tí wọ́n ṣí i, kò sí bí wọn ò ṣe ní í rí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Fáìlì kọ òótọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fa ìwé ya, tó tún un kọ. Láti ìgbà yẹn, oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí ọkọ rẹ̀ bá bi í, á ní orí ló ń fọ́ òun. Bí ọkùnrin yẹn bá lọ lómìnira, ọmọ ta ló kàn?

Ní kóòtù, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ da ìbéèrè bò ó fún wákàtí kan gbáko. Kò sẹ́ ìkankan. Adájọ́ ní òun ò gba ohunkóhun látinú fóònù yẹn. Nígbà náà ni wọ́n pe bàbá ọmọbìnrin náà. Ó ní bí òun ṣe rí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà lórí fóònù ọmọ òun ni òun pa fóònù náà, tí òun gbé e lọ fún ọlọ́pàá. Kò sẹ́ni tó ṣí i títí tó fi dé ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò. Adájọ́ gba ìyẹn.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n dá ọkùnrin náà lẹ́bi. Wọ́n ti rẹ ipò Ìyá Fáìlì sílẹ̀ nígbà yẹn nítorí irọ́ tó pa, ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí nínú kóòtù. Bàbá ọmọbìnrin náà bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Fáìlì ò lè wojú rẹ̀.

"Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ tí adájọ́ ò gba fóònù yẹn, màdáámù," ni bàbá ọmọ náà wí. "Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni."

Ìyá Fáìlì ní òun mọ̀. Bàbá ọmọ náà mi orí, ó sì lọ bá ọmọ rẹ̀.