Wọ́n Kọ Ilé Arletha Mọ́ Ahoro

"Ṣé ẹ ti gbọ́ pé wọ́n ní ilé yẹn... èyí tó wà láàárín yẹn, tó ní ilẹ̀kùn pupa..."

"Ti Arletha?"

"Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Wọ́n ní wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fẹ́ fi tọrọ owó, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n..."

"Ta ló máa sọ irú ẹ̀ fún wọn?"

"Ó dáa, ta ni òun àti ẹ̀ jọ ní ògiri kan ṣoṣo? Ẹ má ní ẹnu mi lẹ ti gbọ́ o."

Ilé ìfọṣọ tó wà ní ìkángun òpópónà Tansill, ní apá ìlà-oòrùn Baltimore, ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ẹ̀rọ tó fọ aṣọ ẹnì kan tán, ọ̀rọ̀ ti jáde sí títì. Ó dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń din ẹja, ó dé ibùdó bọ́ọ̀sì, ó sì ń sanra bó ṣe ń lọ. Nígbà tó fi máa dé etí ẹni tó ń gbé ilé náà lọ́jọ́bọ̀, ó ti di pé Verdell Womack dúró lórí àtẹ̀gùn ilé tirẹ̀, ó na ìka, ó ní eku nìkan ló kù nínú ilé Arletha, kí wọ́n wó o dànù.

Nadine tó ń bójú tó ilé ìfọṣọ ló sọ ọ́ fún un.

"Àǹtí Arletha, mi ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ o," ló fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo Tansill ló mọ̀ pé ibi tí Nadine bá ti sọ bẹ́ẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Verdell ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ohun tí wọ́n sọ ni mò ń sọ."

"Ó dárúkọ eku?"

"Wọ́n ní ó dárúkọ eku."

Arletha Gaines kó aṣọ rẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ ní tútù, ó rọ́ ọ sínú àpò, omi sì ń ro tẹ̀lé e títí ó fi délé.

Obìnrin náà ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn lóru. Aago méje òwúrọ̀ ló máa ń wọlé, á gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ilé ìdáná, á sì sùn títí di ọ̀sán. Kọ́tìnì dúdú ló fi bo fèrèsé iwájú kí oòrùn má bàa yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá wo ilé náà láti títì kò ní rí iná, kò sì ní rí ojú èèyàn. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn mábù mẹ́ta tó wà níwájú, gbogbo Sátidé ló máa ń kúnlẹ̀ fọ̀ ọ́ títí tí á fi funfun, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

Ìyá náà ló ra ilé. Ó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án, orúkọ rẹ̀ ló sì ṣì wà lórí ìwé ilé, torí Arletha ò ráyè lọ sí kóòtù láti yí i padà. Ibẹ̀ gan-an ni àyà rẹ̀ ti ń já. Ẹgbẹ́ Ìdìde Tansill, àwọn tó gbéra láti tún àdúgbò ṣe, ń tọrọ owó ìrànwọ́ ńlá lọ́wọ́ àjọ olówó kan. Wọ́n fẹ́ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ tún òrùlé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ṣe. Àwọn ilé ahoro tí wọ́n ti kan pákó mọ́ ní ojú fèrèsé, wọ́n fẹ́ gbà wọ́n, kí wọ́n kọ́ ilé tí apá mẹ̀kúnnù máa ká síbẹ̀. Ilé tó bá ti wọ ìwé ahoro, ẹgbẹ́ á ní kí ìjọba ìlú gbà á fún àwọn. Tó bá sì jẹ́ òkú ló ni ilé, ta ló máa bá a rojọ́?

Aṣọ tútù ṣì wà nínú àpò nígbà tó lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Corinne Whitlock, ọ̀gá wọn, obìnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó gbọ́ ohun tí èèyàn fẹ́ sọ, ló ṣí ìwé náà fún un. Ojú ewé kẹsàn-án ni. Ilẹ̀kùn pupa rẹ̀ ló wà nínú fọ́tò yẹn, pẹ̀lú kọ́tìnì dúdú àti àtẹ̀gùn funfun. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: Ahoro. Ẹni tó ni ín ti kú.

"Èmi rèé," Arletha wí.

"Àṣìṣe ni, Mísì Gaines. A máa tún un ṣe."

"Ẹ tún un ṣe báyìí, kí n máa wò yín."

"Sátidé ni obìnrin àjọ olówó ń bọ̀, ìwé sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí a bá tún ń yí iye ilé padà lónìí, á rò pé a ò mọ ohun tí à ń ṣe. Ẹ jẹ́ kó wá, kó lọ. Tó bá di ọjọ́ Ajé..."

"Kí n máa jẹ́ òkú lọ títí di ọjọ́ Ajé."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ìwé yín sọ ọ́. Ta ló wá ka ilé wa?"

"Ọ̀gbẹ́ni Purnell. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìn tì ni. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni."

"Ta ni èèyàn jẹ́jẹ́ bá sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi?"

Whitlock ṣí ojú ewé mìíràn, ó sì tún pa á dé. "Aládùúgbò kan," ló wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Aládùúgbò kan ṣoṣo ló wà lápá ibẹ̀, torí pákó ni wọ́n kàn mọ́ ilé tó wà lápá kejì. Láti kékeré ni Arletha àti Verdell ti jọ ń ṣe ọ̀rẹ́, wọ́n jọ lọ ilé ìwé, wọ́n jọ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá Arletha, tí àwọn èèyàn ti bu oúnjẹ tí wọ́n jókòó, ni Verdell wò ó lójú, tó ní, "Obìnrin yẹn kú láìsí ẹni tó máa bu omi fún un." Òótọ́ ni pé ibi iṣẹ́ ni Arletha wà nígbà tí ìyá rẹ̀ mí èémí ìkẹyìn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò kí ara wọn mọ́. Wọ́n ń gbọ́ ikọ́ ara wọn lára ògiri, wọ́n ń gbọ́ nígbà tí ẹnì kejì bá ń fa àga, kò sì sẹ́ni tó máa ń ní "pẹ̀lẹ́" fún ẹnì kejì.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Verdell jókòó sórí àtẹ̀gùn tirẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú síwájú. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Garawa mẹ́rin ló wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, torí àjà ilé ti lanu látìgbà òjò tó kọjá. Òrùlé rẹ̀ ló ṣáájú nínú àwọn tí ẹgbẹ́ fẹ́ tún ṣe.

Arletha dúró níwájú rẹ̀. "Ó yá, sọ ọ́ sí mi lójú."

"Sọ kí ni?"

"Eku."

"Eku wo?"

"Èyí tí o sọ fún wọn pé ó ń gbé ilé mi."

Verdell wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Tí mo bá ní ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ, ṣé ẹ̀yìn rẹ ni mo máa ń gbà sọ ọ́?"

"Rárá. Ojú mi lo ti sọ ti ìyá mi, àwo adìyẹ tí mo rà wà lọ́wọ́ rẹ."

"Mo sì máa tún un sọ lónìí. Adìyẹ yẹn ò tiẹ̀ jinná."

"Kí lo sọ fún ọkùnrin yẹn, Verdell?"

"Lọ bi í."

"Ìwọ ni mò ń bi."

"Èmi náà ni mi ò dá ọ lóhùn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ṣe é, ó ti mọ́ mi lára."

"Òjò ló ń pa ọ́ sínú ilé, ìyẹn lo ṣe fẹ́ kí wọ́n wó tèmi, kí wọ́n lè rí owó tún òrùlé tìrẹ ṣe."

Verdell fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó rọra dìde. "Wọlé lọ sùn, Arletha. Ojú rẹ ti pọ́n."

Ó ti ilẹ̀kùn. Arletha ka ìyẹn náà mọ́ èébú.

Yàrá tó wà lábẹ́ ilé ìjọsìn ni wọ́n ti pàdé lọ́sàn-án Sátidé. Wọ́n ti to ẹja díndín àti búrẹ́dì funfun sórí tábìlì, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí àlejò á fi sọ̀rọ̀ tán. Àlejò náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti àjọ olówó, gbé fáìlì lé itan. Whitlock ń sọ̀rọ̀ nípa òrùlé mẹ́tàlá, ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọ̀dọ́ tó máa rí ilé gbé lówó pọ́ọ́kú, ó wá kan ilé ahoro mẹ́wàá.

"Mẹ́sàn-án," Arletha wí láti ẹ̀yìn.

"Mísì Gaines, a máa gba ìbéèrè tó bá yá."

"Mi ò ní ìbéèrè." Ó dìde. Aṣọ iṣẹ́ ilé ìwòsàn ló wọ̀ wá, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀ ọ́ ni. "Èmi ni ahoro yín kẹwàá. Ẹ wo ojú ewé kẹsàn-án, kí ẹ wá wo èmi náà. Ẹ ya àtẹ̀gùn mi, ó ń dán nínú fọ́tò. Ta lẹ rò pé ó ń fọ̀ ọ́? Àbí eku ló ń kúnlẹ̀ fọ̀ ọ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan kùn pé, "Àǹtí, ẹ jókòó. Tí ẹ bá pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ títí dọ̀la, kí ló máa ṣe yín?"

Obìnrin àjọ olówó ò rẹ́rìn-ín. Ó wo fọ́tò, ó wo Arletha. "Ta ló ka ilé yìí?"

Ọkùnrin gàgàrà kan dìde lẹ́bàá ògiri, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Purnell nìyẹn.

"Ìlànà wa ni pé kí ẹ kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣé ẹ kàn án?"

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lọ síbẹ̀, mà."

"Ṣé ẹ kan ilẹ̀kùn?"

Purnell wo ìlà kẹta níbi tí Verdell jókòó sí. Verdell mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Arletha rí i.

"Rárá, mà," ni Purnell dáhùn. "Mi ò kàn án. Mo kàn kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó dáhùn."

"Kí ló dé tí ẹ ò kàn án?"

"Ó rẹ̀ mí."

"Ọ́fíìsì wá sọ ìyẹn di ahoro."

"Orúkọ òkú ló wà lórí ìwé ilé," Whitlock wí, "a sì rò pé..."

"Ẹ rò." Obìnrin náà pa fáìlì dé. Ó ní òun ò lè gbé ilé tí wọn ò kà dáadáa lọ síwájú àwọn tó rán òun níṣẹ́. Kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n mú un wá lọ́dún tó ń bọ̀, tí owó bá ṣì wà. Ó gbé àpò rẹ̀, kò sì jẹ ẹja.

Nígbà tó jáde, ariwo sọ. Bàbá àgbà kan tó ń gbé ní òdìkejì títì wá dúró síwájú Arletha. "Ó ti wá tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí? Tí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bá mi, ilé rẹ ni màá gbé bẹ́ẹ̀dì mi wá."

"Ẹ bi Verdell, sà. Òun ló kọ́kọ́ fi ilé mi ta ọrẹ."

"Verdell tí òrùlé tirẹ̀ ti já?"

Verdell ti fi ọ̀pá dìde. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ wọn, ó dúró. "O káre, Arletha," ló wí. "Òrùlé mẹ́tàlá." Ó wá gun àtẹ̀gùn jáde, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ìkejì.

Kò sẹ́ni tó máa gba ilé lọ́wọ́ Arletha mọ́. Ohun tó wá ṣe nìyẹn, ó sì ti ṣe é. Ṣùgbọ́n orí tí Verdell mì yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó fẹ́ mú ọ̀rọ̀ eku náà lọ́wọ́, kó rí nǹkan jù sí i lójú fún ọdún mẹ́sàn-án mìíràn. Ó sáré bá Purnell níbi tó ti ń ṣí mọ́tò rẹ̀.

"Irọ́ lo pa níbẹ̀ yẹn. Kò rẹ̀ ọ́."

"Mísì Gaines, ẹ forí jì mí."

"Mi ò wá gba àforíjì. Verdell ló ní kí o má kan ilẹ̀kùn mi, àbí òun kọ́?"

Ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn mọ́tò padà. "Òun ni, mà. Ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí ẹ gbọ́."

"Ó ní eku nìkan ló ń gbé ibẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó dárúkọ eku fún mi."

"Wá sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Má fi kún un, má sì yọ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú ẹnu rẹ̀ bó ṣe jáde gan-an."

Purnell gbé fìlà rẹ̀ sórí mọ́tò. Ó ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí òun lọ, ohun kan náà ni obìnrin yẹn jáde wá sọ, kò sì sí èyí tí òun lè gbàgbé nínú rẹ̀.

"Ó ní: 'Gbọ́wọ́ rẹ kúrò lára ilẹ̀kùn yẹn. Obìnrin burúkú ló ń gbé ibẹ̀, mi ò sì ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n aago méje ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, mo gbọ́ nígbà tó bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Tí o bá kan ilẹ̀kùn, á dìde, kò sì ní lè sùn mọ́. Kọ ohun tó bá wù ọ́ sínú ìwé rẹ, kí o jẹ́ kó sùn.'"