Sọ́rì Tó Gbé Mọ́rẹ́nikéjì Dé Kóòtù

Mọ́rẹ́nikéjì ọmọ Ìkìrun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni nígbà tó lá àlá kan. Ọ̀sán gangan ni. Ó ti ibi iṣẹ́ òru dé, kò tilẹ̀ ráyè bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tí oorun fi gbé e lọ.

Lójú àlá, ó wà ní wọ́ọ̀dù. Bàbá òyìnbó kan fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú gbì. Mọ́rẹ́nikéjì sáré gbé e dìde, ó ní, "Sọ́rì, sà!" Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé náà ló ṣe sọ ọ́, "pẹ̀lẹ́" lásán ló ní lọ́kàn. Àfi bí ọ̀pá ìtilẹ̀ bàbá náà ṣe figbe ta nílẹ̀: "Ó ti jẹ́wọ́! Òun ló tì í!"

Kó tó lanu, wọ́ọ̀dù ti gbéra nílẹ̀, ó ń léfòó lójú ọ̀run, ó ti di kóòtù. Kò ya Mọ́rẹ́nikéjì lẹ́nu. Ó kàn di bẹ́ẹ̀dì kan mú kó má baà já bọ́.

Adájọ́ wọlé, ó dé irun funfun sórí.

"Obìnrin yìí, ṣé o sọ ọ́ àbí o ò sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́, Olúwa mi. Mo kàn kí wọn pẹ̀lẹ́ ni."

"Níbí, ẹni tó bá jẹ̀bi ló ń sọ bẹ́ẹ̀. A ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Mọ́rẹ́nikéjì rántí ìyá rẹ̀, tó ti ròyìn ọmọ òun ká gbogbo Ìkìrun. Ó ní òun fẹ́ lọ pe bàbá tó ṣubú wá jẹ́rìí. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì ilé sọ fún wọn pé òun ń bọ̀.

"Ó ń bọ̀ kẹ̀?" ni akọ̀wé kóòtù wí. "Ẹ̀yìn rẹ̀ là ń wò yìí! Lílọ ló ń lọ!"

Adájọ́ ro ọ̀rọ̀ náà: báwo lèèyàn ṣe ń bọ̀ kó tún máa lọ? Ó rò ó títí irùngbọ̀n fi yọ, ìwo yọ tẹ̀lé e, ó di òbúkọ.

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀," ó wí. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gbọ́ èdè yẹn," ni Mọ́rẹ́nikéjì wí.

"Gẹ̀ẹ́sì ni," akọ̀wé fèsì. "Gẹ̀ẹ́sì adájọ́."

Ìgbà náà ni bàbá tó ṣubú tiro wọlé. Ó ní, "Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣubú, ẹni tó jẹ̀bi ni gbogbo yín ń wá. Òun nìkan ni ìṣubú mi dùn."

Òbúkọ tẹ́tí sílẹ̀, ó na ọrùn, ó sì jẹ ìwé ìdájọ́ rẹ̀ mọ́nú. Kóòtù bá rọra ń sọ̀ kalẹ̀ bí ewé gbígbẹ.

"Kéjì! Tíì ti délẹ̀ o!"

Màmá Dórótì, òyìnbó onílé rẹ̀, ló ń pè é láti ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mọ́rẹ́nikéjì bọ́jú, ó mú ife rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wo orí tábìlì, kò rí omi gbígbóná, kò rí mílíìkì. Pòtétò ló rí, àti ẹran tó ń rú èéfín.

"Tíì ọ̀hún dà, mà?"

"Òun ló wà níwájú rẹ yẹn. Oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ là ń pè ní tíì níbí. Jókòó, kó má tutù."

Mọ́rẹ́nikéjì rọra gbé ife pa mọ́ sẹ́yìn, ó fa àga.

"Ẹ ṣé, mà. Tíì yín ń ta sánsán."