Aago Tó Wà Lórí Tábìlì Sájẹ́ǹtì

Ọdún mọ́kànlá ni Ìyá Bátìrì fi tọ́jú iná ilé ìwòsàn kan, kò sì sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tó sùn síbi tó jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹ̀rọ bátìrì ńlá dúró sí. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn nìyẹn. Tí iná bá lọ, bátìrì á gbé wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé fún ogún ìṣẹ́jú péré. Láàárín ogún ìṣẹ́jú yẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ẹnì kan yẹn, òun náà ni. Ó máa ń sọ pé etí òun nìkan ló mọ ìgbà tí ẹ̀rọ náà bá yí ohùn padà. Irọ́ kọ́, àmọ́ ìgbéraga díẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìgbà tó yá, ọmọ rẹ̀ obìnrin bí àkọ́bí. Ìrìn wákàtí méje ni ibi tí wọ́n wà.

“Màmi,” ọmọ náà sọ lórí fóònù, “ọmọ yìí ti ń rẹ́rìn-ín o. Ṣé ó dìgbà tó bá ń sáré kiri kẹ́ ẹ tó wá?”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Bátìrì wọra. Lọ́jọ́ kejì ló lọ bá Dókítà Àgbà, ọ̀gá ilé ìwòsàn, pé òun fẹ́ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Dókítà wò ó bí ẹni tó gbọ́ pé òrùlé fẹ́ lọ sí ìsinmi.

“Ẹ lọ, Màmá. Ó tọ́ sí yín. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wá bí ẹ̀rọ yẹn ṣe máa máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.”

Ẹ̀yìn ẹ̀rọ bátìrì náà ní àyè kan tí wọ́n lè ki káàdì bọ̀, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tó ń bá ẹ̀rọ jíṣẹ́, àyè kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ tó ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yá wọn ní káàdì méjì pé kí wọ́n dán wọn wò, kí wọ́n mú ọ̀kan. Èkíní ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí fóònù, pẹ̀lú àwòrán aláràbarà. Èkejì kò ní ju ojú ihò mélòó kan lọ, tí wọ́n ń so wáyà méjì mọ́ láti fi lu aago ìkìlọ̀. Ta ló máa wo ti wáyà lójú? Ìyá Bátìrì fúnra rẹ̀ ti fi ọkàn sí ti fóònù. Ó ti ń rí ara rẹ̀ tó gbé ọmọ sọ́wọ́ ọ̀tún, tó ń fi tòsì ṣọ́ bátìrì.

Wọ́n ki káàdì íńtánẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Dókítà dúró ní wọ́ọ̀dù pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ dúró tì í. Sájẹ́ǹtì ni wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì yìí, nítorí bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń pàṣẹ. Ìyá Bátìrì já iná láti yàrá ẹ̀yìn, ó sì sáré wá wo ohun tí fóònù máa wí. Ẹ̀rọ àwọn ọmọ kò kú rárá, nítorí bátìrì ti gbé wọn. Fóònù ń tàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé: *Iná wà. Kò séwu.*

“Ẹ ò rí nǹkan!” Dókítà pàtẹ́wọ́. “Kò séwu!”

“Ẹ dákun,” ni Sájẹ́ǹtì wí, “ṣé iná ò tíì lọ ni?”

Gbogbo wọn wojú ara wọn. Iná ti lọ láti ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àpótí tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì wà ní ọ́fíìsì Dókítà, iná ara ògiri lásán ni wọ́n so ó mọ́, kì í ṣe bátìrì. Bí iná ṣe lọ lòun náà kú, ìròyìn tó ti kọjá sì ni fóònù ń kà fún wọn. Ẹ̀rín pa Sájẹ́ǹtì títí ó fi di ògiri mú.

“A máa so ó mọ́ bátìrì,” ni Ìyá Bátìrì wí, ojú ń tì í.

“Ó dáa, ẹ so ó mọ́ ọn,” ni Sájẹ́ǹtì wí. “ Ó wá sọ fún yín lọ́hùn-ún. Ṣé ẹ máa na ọwọ́ láti ìrìn wákàtí méje wá tan jẹnẹrétọ̀ ni?”

Ìyá Bátìrì rò pé ìrìn àjò òun ti bàjẹ́ nìyẹn, omi sì fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Sájẹ́ǹtì rí i.

“Èmi wà níbí, Màmá. Kò sígbà tí ẹnì kan kì í sí nídìí tábìlì mi. Ẹ gbé aago yẹn síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ́ wa.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Ìyá Bátìrì yọ káàdì íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ki ti wáyà bọ̀, ó fa wáyà méjì dé tábìlì náà, ó so ó mọ́ aago tó ní bátìrì kékeré tirẹ̀. Ó ṣe é pé bí iná bá lọ, káàdì á pa wáyà pọ̀, aago á dún. Sájẹ́ǹtì káwọ́ gbera, ó ń wò ó.

“Tí eku bá gé wáyà yìí ńkọ́?”

“Aago ò ní lè dún nìyẹn.”

“Kí ni màá wá fi mọ̀ bóyá àlàáfíà ló jẹ́ kó dákẹ́, àbí eku? Ní wọ́ọ̀dù mi, ọmọ tó ń ké kì í bà mí lẹ́rù. Èyí tó dákẹ́ ni mo máa ń sáré lọ bá.”

Ìyá Bátìrì gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó tú wáyà náà, ó gbé e sí ojú ihò kejì lára káàdì, kí wáyà lè máa wà ní pípapọ̀, kí aago sì dákẹ́, nígbà tí gbogbo nǹkan bá dára. Ohun yòówù tó bá já a, ìbáà ṣe iná tó lọ tàbí eyín eku, aago á figbe ta. Sájẹ́ǹtì mú sísọ́ọ̀sì, ó gé wáyà náà láti dán an wò. Aago ké débi pé Dókítà sáré jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

Ìyá Bátìrì tún wáyà náà so, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń tan jẹnẹrétọ̀, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri. Lọ́jọ́ kẹrin, ó wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà ló ń yọ fóònù wò. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọmọ sùn lé e láyà, òun náà sì sùn. Fóònù ló jí i.

“Ẹ kúuṣẹ́ ọmọ gbígbé,” ni Sájẹ́ǹtì wí. “Iná lọ lánàá.”

“Lánàá? O ò sì pè mí?”

“Kí n pè yín kẹ́ ẹ wá ṣe kí ni? Aago dún, a ṣe ohun tẹ́ ẹ kọ sára ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré la fi tan jẹnẹrétọ̀.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Ẹ gbọ́ wọn.”

Ó na fóònù sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n ń ké lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Ó dun Ìyá Bátìrì díẹ̀ pé wọn ò wá a; lẹ́yìn náà ni ayọ̀ gbé e, ó bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé. Ọmọ tó wà láyà rẹ̀ ta jí, òun náà figbe bọnu.

“Ta nìyẹn?” ni Sájẹ́ǹtì bi í.

“Ọmọ-ọmọ mi ni. Ó ń ké.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.”